Ṣọ́ọ̀bù tàbí Ilé Gbígbé? Ìfiwéra fún Ẹni Tó Fẹ́ Kọ́lé fún Ayálégbé ní Abẹ́òkúta

Ẹni tó bá ti ra ilẹ̀ sí Ọbáńtokò tàbí Àṣẹ́rọ̀, tó sì ti kó owó díẹ̀ jọ láti fi kọ́ ohun tí yóò máa mú owó wọlé, kì í wá olùdámọ̀ràn tì. Ẹnìkan yóò ní kó kọ́ ṣọ́ọ̀bù, nítorí pé owó ṣọ́ọ̀bù dára, wàhálà rẹ̀ kò sì tó ti ilé. Ẹlòmíràn yóò ní kó kọ́ ilé gbígbé, nítorí pé kò sí ẹni tí kì í sùn. Òótọ́ díẹ̀ wà lẹ́nu àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó kan ìbéèrè tó yẹ kí ẹni tó fẹ́ náwó kọ́kọ́ bi ara rẹ̀: inú kí ni ayálégbé mi yóò ti máa rí owó tí yóò san fún mi?

Ìdáhùn ìbéèrè yìí ló ya ṣọ́ọ̀bù sọ́tọ̀ kúrò lára ilé gbígbé ju iye owó tí àwọn méjèèjì ń mú wá lọ. Ẹni tó gba ṣọ́ọ̀bù ń retí kí ṣọ́ọ̀bù náà san owó ara rẹ̀, torí inú ọjà tó ń tà níbẹ̀ ni owó ọdún tó ń bọ̀ yóò ti jáde. Bí ẹsẹ̀ kò bá gba iwájú ṣọ́ọ̀bù kọjá, ẹni náà ì báà jẹ́ olóòótọ́ tó báyìí-báyìí, kò ní rí owó san. Ẹni tó gba yàrá tàbí fúláàtì ní tirẹ̀, ibòmíràn ni owó rẹ̀ ti ń wá: ọ́fíìsì ìjọba ní Òkè-Mosàn, ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ ní Ìdí-Abà, ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ ní Kútọ̀, tàbí ọwọ́ òbí tó rán an wá kàwé. Nítorí náà, ẹni tó fẹ́ kọ́ ṣọ́ọ̀bù ní láti wo ọ̀nà tó wà níwájú ilẹ̀ rẹ̀ gan-an. Ẹni tó fẹ́ kọ́ ilé gbígbé ní láti wo ibi tí ọ̀nà náà ń gbé ènìyàn lọ láàárọ̀.

Ibi tí owó ayálégbé ti ń wá

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí ilé gbígbé. Láti oṣù kẹwàá ọdún 2024, ₦77,000 ni owó oṣù tó kéré jù tí Ìjọba Ìpínlẹ̀ Ògùn fọwọ́ sí fún òṣìṣẹ́ rẹ̀. Bí a bá sọ ọ́ di ti ọdún kan, ₦924,000 ni. Bí òṣìṣẹ́ tó wà ní ìpele yìí bá san ₦300,000 fún yàrá kan àti pálọ̀, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta owó ọdún rẹ̀ ló ti bá owó ilé lọ kí ó tó jẹun, kí ó tó wọkọ̀, kí ó tó san owó ilé-ìwé ọmọ. Ìṣirò kékeré yìí fi hàn wá pé owó ilé ní ibi tí kò lè kọjá ní àdúgbò kọ̀ọ̀kan, bí ilé náà ti wù kó rẹwà tó. Mo ti rí ẹni tó kọ́ fúláàtì oníyàrá mẹ́rin tó dára gidigidi sí àdúgbò tí àwọn olùkọ́ àti akọ̀wé kékeré pọ̀ sí; wọ́n ń wá wò ó, wọ́n ń yìn ín, wọ́n sì ń gba mini-flat (fúláàtì kékeré oníyàrá kan) tó wà lẹ́yìn rẹ̀.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tún jẹ́ ọ̀wọ́ ayálégbé mìíràn tí owó wọn ń ti ọ̀nà jíjìn wá. Láti ọdún 1988 tí wọ́n ti dá fásitì iṣẹ́ àgbẹ̀ tí a mọ̀ lónìí sí FUNAAB sílẹ̀, àgbègbè Camp, Ìṣolù àti Àlàbàtà ti di ibi tí yàrá oníbálùwẹ̀ tirẹ̀, èyí tí àwọn ọmọ ilé-ìwé ń pè ní self-con, kì í pẹ́ rí ẹni gbà á. Ti Òjèrè, níbi tí ilé-ìwé gíga MAPOLY wà, àti ti Òṣíẹ̀lẹ̀, níbi tí kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba àpapọ̀ fún àwọn olùkọ́ wà, kò yàtọ̀. Ṣùgbọ́n kí a má gbàgbé ọdún 2022, nígbà tí àwọn olùkọ́ fásitì da iṣẹ́ sílẹ̀ láti 14 February títí di 14 October. Onílé tó ti gba owó ọdún kò pàdánù nǹkan kan lójú ẹsẹ̀. Ìgbà tí ọdún yí po, tí òbí ń bèèrè ìdí tí òun yóò fi san owó yàrá tí ọmọ òun kò sùn sí fún oṣù mẹ́jọ, ni ọ̀rọ̀ di ẹ̀bẹ̀. Ti ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù lẹ́nu ọ̀nà ilé-ìwé kò dúró dìgbà yẹn rárá. Láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni ẹni tó ń tẹ̀wé àti ẹni tó ń ta oúnjẹ ti dáwọ́ dúró, tí àgádágodo sì wọ ẹnu ọ̀nà. Ohun kan náà ló ṣẹlẹ̀ sí àwọn onílé méjèèjì, ṣùgbọ́n ó yára dé ọ̀dọ̀ oníṣọ́ọ̀bù.

Ọkọ̀ ojú irin Èkó sí Ìbàdàn, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní kíkún ní oṣù kẹfà ọdún 2021, tún fi ọ̀rọ̀ kún ọ̀rọ̀ nítorí ibùdó rẹ̀ tó wà ní Ládérìn, èyí tí wọ́n fi orúkọ Ọ̀jọ̀gbọ́n Wole Soyinka pè. Ó ṣeé ṣe báyìí kí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ l'Ékòó máa gbé ní ọ̀nà Kóbàpẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́lé nítorí irú ayálégbé bẹ́ẹ̀, kí ó kọ́kọ́ wọ ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀ lówùúrọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdé, kó padà lálẹ́, kó sì ṣírò owó àti wákàtí rẹ̀. Àwọn tó ń ta ilẹ̀ ti ṣírò ti wọn sínú iye tí wọ́n ń pè.

Ní ti ṣọ́ọ̀bù, gbogbo Abẹ́òkúta kì í ṣe ọjà kan. Ìtòkú ń gba oníbàárà adìrẹ láti ìlú òkèèrè, ẹni tó sì ti Èkó wá ra adìrẹ kì í yà sí òpópó kejì láti wo bóyá ẹnìkan ń tà á níbẹ̀. Òkè-Ìléwó àti Pánṣẹ́kẹ́ ni báǹkì, ọ́fíìsì àti àwọn tó ń ta fóònù ń wá. Lájorí Kútọ̀, Láfẹ́nwá àti Ọ̀mìdá ni ọjà oúnjẹ àti èrò ọkọ̀. Irú kẹrin ni ṣọ́ọ̀bù àdúgbò, tí onírun, oníkẹ́míìsì, oní-POS àti ẹni tó ń ta ìrẹsì ní kóńgò ń gbà. Àwọn tó ń gbé nítòsí nìkan ló ń bọ́ ọ. Ẹni tó bá kọ́ ṣọ́ọ̀bù mẹ́fà sí ibi tí ilé mẹ́wàá péré ti ní òrùlé ti kọ́ ọ ní ọdún márùn-ún ṣáájú àwọn oníbàárà rẹ̀. Pẹ̀lúpẹ̀lù, ìṣísẹ̀ díẹ̀ ni ó máa ń ya ṣọ́ọ̀bù tó ń tà sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí kò tà: èyí tó wà níbi tí ọkọ̀ ti ń já èrò sílẹ̀ yóò kún, èyí tó wà lẹ́yìn kọ̀rọ̀ yóò máa yí ọwọ́ padà lọ́dọọdún. Ilé gbígbé kò le tó bẹ́ẹ̀. Bí àdúgbò bá ti dára, tí omi sì wà, ayálégbé lè rin ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá kúrò ní títì láìráhùn.

Ìṣirò tí ajẹ́ńtì kì í parí

Àpẹẹrẹ lásán ni mo fẹ́ mú yìí. Kì í ṣe iye tí mo gbọ́ lọ́jà, kí olúkúlùkù sì fi iye àdúgbò tirẹ̀ rọ́pò rẹ̀. Ká ní ₦40,000,000 ni ilẹ̀, ìwé àti kíkọ́ yóò gbà, yálà mini-flat 4 ni ẹ kọ́ tàbí ṣọ́ọ̀bù 8. Bí mini-flat kọ̀ọ̀kan bá ń mú ₦600,000 wá lọ́dún, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦2,400,000, èyí tí í ṣe 6 nínú 100 owó tí ẹ ná. Bí ṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan bá ń mú ₦450,000 wá, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦3,600,000, ìyẹn 9 nínú 100. Ibí yìí ni ajẹ́ńtì máa ń fi kálámù rẹ̀ sílẹ̀ sí.

Ẹ jẹ́ kí a gbé kálámù náà. Bí fúláàtì kọ̀ọ̀kan bá ṣófo fún oṣù 2 nínú ọdún, láàárín ìgbà tí ẹnìkan kó jáde àti ìgbà tí ẹlòmíràn kó wọlé, ₦2,000,000 ló wọlé. Bí a bá yọ ₦200,000 fún àtúnṣe, ó ku ₦1,800,000, ìyẹn 4.5 nínú 100. Ní ti ṣọ́ọ̀bù, bí 2 nínú 8 kò bá rí ẹni gbà wọ́n láti January dé December, ₦2,700,000 ló wọlé. Àtúnṣe rẹ̀ kéré, ká pè é ní ₦100,000, nítorí kò sí bálùwẹ̀ àti ilé ìdáná tí omi ń jò nínú wọn. Ṣùgbọ́n owó ọlọ́dẹ òru, iná ìta àti ẹni tó ń gbá àyíká lè tó ₦600,000. Ó ku ₦2,000,000, ìyẹn 5 nínú 100. Àlàfo tó jẹ́ 3 lókè ti di ààbọ̀. Bí ṣọ́ọ̀bù kẹta bá tún ṣófo, ₦1,550,000 ló kù, kò tó 4 nínú 100, ilé gbígbé sì ti gba iwájú.

Mo tẹnu mọ́ ṣọ́ọ̀bù kẹta yìí nítorí pé ṣọ́ọ̀bù tó ṣófo a máa ran èkejì rẹ̀. Bí ẹni tó ń ta aṣọ bá kó lọ, àwọn tó ń wá sọ́dọ̀ rẹ̀ kò tún ní dúró ra ọṣẹ lọ́dọ̀ ẹni tó kángun sí i, òun náà yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í wo ibòmíràn. Fúláàtì tó ṣófo kì í lé ẹni tó wà ní fúláàtì kejì jáde. Bí ó bá ṣe é ní nǹkan kan, omi inú táǹkì rẹ̀ ni yóò pẹ́ sí i.

Ohun kan wà tí ṣọ́ọ̀bù fi ju ilé gbígbé lọ, tó sì yẹ kí a sọ ọ́ láìfepo bọyọ̀. Nígbà tí ọjà wọ́n gógó, tó fi jẹ́ pé ní oṣù Kejìlá ọdún 2024 iye tí àjọ ìṣirò orílẹ̀-èdè yìí kéde fún ọ̀wọ́n ọjà jẹ́ 34.80 nínú 100, oníṣòwò lè fi díẹ̀ lé iye ọjà rẹ̀ lọ́jọ́ kejì, yóò sì tibẹ̀ rí èlé owó ṣọ́ọ̀bù san. Òṣìṣẹ́ oṣù kò ní irú ààyè bẹ́ẹ̀. Owó oṣù tó kéré jù jákèjádò orílẹ̀-èdè wà lójú kan ní ₦30,000 láti ọdún 2019 títí di 2024 kí ó tó di ₦70,000. Ẹni tó ní ilé gbígbé tó sì fẹ́ máa fi owó kún un lọ́dọọdún yóò rí i pé ẹni tí òun ń fi owó kún kò rí ẹni fi kún tirẹ̀. Nítorí náà, ẹ rí i dájú pé ìwé àdéhùn ṣọ́ọ̀bù sọ ìgbà tí ẹ ó tún owó rẹ̀ yẹ̀ wò àti bí ẹ ó ṣe ṣe é. Ẹni tó fi ọdún márùn-ún gbáko lélẹ̀ ní iye kan náà ti fi èrè rẹ̀ ta ayálégbé lọ́rẹ.

Nígbà tí ayálégbé kò bá san

Bí ìwé àdéhùn kò bá sọ ohun mìíràn, ẹni tó ń san owó lọ́dọọdún ní ẹ̀tọ́ sí ìwé ìkìlọ̀ oṣù 6 kí ó tó jáde, ẹni tó ń san lóṣooṣù sì ní ẹ̀tọ́ sí oṣù 1. Lẹ́yìn èyí ni onílé yóò tún fún un ní ìwé ọjọ́ 7, tó fi ń sọ pé òun ń lọ sí kóòtù láti gba ilé òun padà. Kò sí èyí tó fún onílé láṣẹ láti ṣí páànù, yọ ilẹ̀kùn tàbí fi àgádágodo tuntun sẹ́nu ọ̀nà, yálà ilé ni tàbí ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ti ṣọ́ọ̀bù rọrùn jù, torí pé kò sí ìyá àti ọmọ tó ń sùn níbẹ̀. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀, títí ẹni tó ń ta ohun èlò aránṣọ ní ṣọ́ọ̀bù mi fi ti ilẹ̀kùn, tó lọ, tó sì fi ẹrù sílẹ̀ sínú rẹ̀ pẹ̀lú gbèsè oṣù mẹ́jọ. Ẹrù rẹ̀ kò tó owó tó jẹ, n kò sì lè fọwọ́ kàn án. Ìgbà tí kóòtù májísíréètì fi jẹ́ kí n ṣí i, ọdún mìíràn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Ayálégbé tó ń gbé inú ilé, ó kéré tán, ẹ ó rí i lójú.

Bí ilé-iṣẹ́ ńlá, báǹkì tàbí ilé ìtajà oògùn tó ní ẹ̀ka púpọ̀ bá ni yóò gba ṣọ́ọ̀bù, ọ̀rọ̀ yí padà pátápátá. Wọn yóò bèèrè C of O (ìwé ẹ̀rí tí ìjọba fi ń fún ènìyàn ní ẹ̀tọ́ lórí ilẹ̀), puláànù tí ìjọba fọwọ́ sí àti àyè ìgbọ́kọ̀sí, àwọn ohun tí ẹni tó ń ta ìpara kì í bèèrè. Wọn yóò fẹ́ àdéhùn tó gùn, èyí tó bá sì ju ọdún 3 lọ gbọ́dọ̀ jẹ́ ìwé tí lọ́yà kọ tó sì fi èdìdì dì, kì í ṣe rìsíìtì lásán. Wọn yóò sì yọ 10 nínú 100 kúrò lára owó yín, wọn yóò kó o fún ìjọba gẹ́gẹ́ bí owó orí tí a ń yọ láti orísun. Kí ẹ gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀ lọ́wọ́ wọn, nítorí yóò dín owó orí tí ẹ ó san lópin ọdún kù. Ẹni tí ilẹ̀ rẹ̀ kò ní ju ìwé ẹbí lọ kò yẹ kó máa fi ayálégbé irú èyí ṣe àlá.

Àwọn òṣìṣẹ́ tó ń gbé inú ilé náà ti ń bèèrè ìwé báyìí. Òfin owó orí tuntun tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1 January 2026 fún wọn láàyè láti yọ 20 nínú 100 owó ilé tí wọ́n san, tí kò gbọ́dọ̀ ju ₦500,000 lọ, kúrò nínú owó tí wọn yóò san owó orí lé lórí. Onílé tó ti mọ́ lára láti gba owó lọ́wọ́ láìkọ rìsíìtì yóò ní láti yí ìwà padà.

Ilẹ̀, òkúta àti ẹ̀bá títì

Láàárín ọdún 2011 sí 2019, nígbà tí ìjọba ń fẹ ọ̀nà tó sì ń kọ́ afárá káàkiri Abẹ́òkúta, àwọn ilé àti ṣọ́ọ̀bù ẹ̀bá títì ni wọ́n kọ́kọ́ sàmì sí fún wíwó. Ibi tó dára jù fún títà náà ni ibi tó súnmọ́ ewu yìí jù. Kí ẹni tó fẹ́ kọ́ ṣọ́ọ̀bù mú téèpù, kí ó mọ iye mítà tí ìjọba ní kí a fi sílẹ̀ láti àárín títì náà, kí ó má sì fi ojú ṣọ́ọ̀bù aládùúgbò rẹ̀ díwọ̀n. Bóyá òun náà ti kọjá ààlà. Ẹni tó fẹ́ lu ògiri yàrá iwájú ilé rẹ̀ láti sọ ọ́ di ṣọ́ọ̀bù nílò ìwé àṣẹ tuntun, nítorí pé ilé gbígbé ni ìjọba fọwọ́ sí fún un tẹ́lẹ̀.

Ilé gbígbé ní tirẹ̀ ń bá òkúta jà ju bí ṣọ́ọ̀bù ti ń bá a jà lọ. Ṣọ́ọ̀bù 8 lè pín ilé ìgbọ̀nsẹ̀ 2 lò; fúláàtì 4 nílò kòtò ìdọ̀tí tó jinlẹ̀ àti kànga tó ń sun omi, ìlú tí a sì tẹ̀dó sábẹ́ òkúta kì í fún gbogbo ènìyàn ní àwọn nǹkan wọ̀nyí ní ìrọ̀rùn. Kí ẹ gbẹ́ ilẹ̀ wò kí ẹ tó sanwó tán. Létí Odò Ògùn ní Láfẹ́nwá àti létí omi Sókórì, àgbàrá ni ẹ ó bèèrè nípa rẹ̀, kì í ṣe òkúta. Ọwọ́ àwọn àgbà àdúgbò ni ẹ ó sì ti gbọ́ òótọ́, kì í ṣe lẹ́nu ẹni tó ń ta ilẹ̀.

Iná ọba kì í ṣe ohun kékeré fún ṣọ́ọ̀bù. Láti oṣù kẹrin ọdún 2024 tí wọ́n ti fi owó kún iná fún àwọn tó wà ní Band A, tí wọ́n ṣèlérí iná wákàtí 20 lójúmọ́ fún, ẹni tó ń ta ẹja dídì lè fẹ́ràn irú òpópó bẹ́ẹ̀, nígbà tí ẹni tó ń gbé fúláàtì lè sá fún un nítorí owó. Ẹ fún ayálégbé kọ̀ọ̀kan ní mítà tirẹ̀.

Ṣọ́ọ̀bù nísàlẹ̀, ilé lókè

Àwọn bàbá wa ti kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tó ní ṣọ́ọ̀bù nísàlẹ̀ tipẹ́, wọ́n sì jèrè rẹ̀. Ẹni tó ní ilẹ̀ ẹ̀bá títì kan ṣoṣo lè ṣe bẹ́ẹ̀, torí pé owó òṣìṣẹ́ àti owó oníṣòwò kì í sábà gbẹ lọ́jọ́ kan náà. Ohun tó máa ń ba irú ilé bẹ́ẹ̀ jẹ́ ni pé onílé kì í sọ irú òwò tí òun kò fẹ́. Ẹ̀rọ ìlọta, ibi ìmutí àti jẹnẹrétọ̀ tí èéfín rẹ̀ ń wọ fèrèsé yàrá yóò lé ayálégbé òkè jáde láìpé ọdún, owó tí ẹ sì rí nísàlẹ̀ ni ẹ ó fi wá ẹlòmíràn sókè. Kí ìwé àdéhùn dárúkọ òwò tó tẹ́ yín lọ́rùn, kò gbọ́dọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Fún ẹni tó ń fi owó ìfẹ̀yìntì kọ́lé, tí kò sì ní orísun owó mìíràn, ilé gbígbé kéékèèké ni èmi yóò yàn, bí èrè orí ìwé rẹ̀ tilẹ̀ kéré. Ẹni tó jẹ́ oníṣòwò fúnra rẹ̀ lè kọ́ ṣọ́ọ̀bù láìfòyà, nítorí pé bí ọ̀kan bá ṣófo, òun náà lè kó ọjà sínú rẹ̀. Ẹni tó wà lókè òkun, tó fẹ́ fi gbogbo rẹ̀ sọ́wọ́ àbúrò, ilé gbígbé náà ni: ṣọ́ọ̀bù ń fẹ́ ojú onílé.

Kí ẹ tó sanwó ilẹ̀ fún ṣọ́ọ̀bù, ẹ dé òpópó náà ní agogo 11 àárọ̀ ọjọ́ Wẹ́sídeè, ọjọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ ìsinmi, kí ẹ sì ka iye ilẹ̀kùn tó ní àgádágodo lẹ́nu láti ìbẹ̀rẹ̀ òpópó dé òpin rẹ̀. Ti ilé gbígbé, ẹ wá ní agogo 8 alẹ́, kí ẹ ka fèrèsé tó ṣókùnkùn nígbà tí iná wà.